Dókítà Tí Wọ́n Lé Kúrò ní Wọ́ọ̀dù Ògóóró Ẹ̀yìn

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìbínú tí a kò ní dọ́gbọ́n bò mọ́lẹ̀, ni ẹgbẹ́ àwa tí ògóóró ẹ̀yìn wa fara pa fi kọ̀wé yìí sí ọkọ, àwọn ọmọ àti ẹ̀gbọ́n dókítà wa tó papò dà.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé wọ́ọ̀dù wa, òórùn egbò ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí kò lè gbé ẹsẹ̀ wà gbalaja lójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, ara wọn ń jẹrà lábẹ́ aṣọ funfun. Ohun tí ìwádìí ìṣègùn sọ yé e dáadáa: ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ ìnira mọ́, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ máa yí i padà, kí wọ́n máa yẹ awọ ara rẹ̀ wò, kí wọ́n sì tètè gbé e jókòó. Kì í ṣe àṣírí. Gbogbo dókítà ibẹ̀ ló kà á. Wọ́n fi yege ìdánwò. Wọn kò fi tọ́jú ènìyàn.

Òun ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Láti ibùsùn dé ibùsùn, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i" ni, títí àwọn nọ́ọ̀sì fi sọ ọ́ ní Màmá Ẹ-Yí-I. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n ti ń yí aláìsàn kí ó tó dé. Káfíńtà kan wà tó já bọ́ láti orí òrùlé. Egbò ìdí rẹ̀ gba ìkúùkù, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti lọ. Dókítà kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ìrọ̀rí gbé ara, àti bí wọ́n ṣe ń fi dígí wo ibi tí ojú kò tó. Egbò náà jinná. Káfíńtà yìí ni alága wa lónìí.

Èyí ta ọ̀gá wọ́ọ̀dù lára. Lójú gbogbo ènìyàn ló ti sọ pé, "Ìyáàfin, ìwádìí yín kò mọ ilé yìí. Ṣé ìwádìí ló máa wá gbé aláìsàn ni?"

Ó fèsì pé, "Rárá, ọ̀gá. Èmi àti ẹ̀yin ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ọ̀gá kò dárí rẹ̀ jì í. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé dókítà wa lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ara òṣìṣẹ́ tuntun wò. Wọ́ọ̀dù padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́, egbò sì pa bíríkìlà kan tó ti ń jókòó fúnra rẹ̀.

Dókítà wa sunkún nígbà tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìbátan aláìsàn jọ sí abẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìfọṣọ. Òun fúnra rẹ̀ á sùn sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú kóòtù funfun lọ́rùn, á ní, "Ẹ yí mi. Ẹ má bẹ̀rù, n kò ní fọ́." Àwọn ìyá àti ọkọ aláìsàn ló wá fi agídí dá ìtọ́jú náà padà sí wọ́ọ̀dù. Ọ̀gá kò lè lé gbogbo wọn.

A gbọ́ pé ọ̀gá yìí kan náà fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyìn níbi ìsìnkú. Ẹ̀yin lẹ ni òkú, ẹ̀yin lẹ ni àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá pè é ní ọ̀rẹ́ òun, ẹ má retí kí a dákẹ́.

Ẹ̀yin ọkọ rẹ̀, a mọ iye oúnjẹ tútù tí ẹ jẹ nítorí wa. A kò ní fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìyàwó alága wa yóò máa bá ẹ̀kọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ; bí wọ́n bá tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, a ó to àga oníkẹ̀kẹ́ wa sí ẹnu géètì.

Kí Ọlọ́run rọ̀ yín lọ́kàn, kí ó gbé ẹ̀yìn yín ró, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, kí wọ́n dogbó. Ní ti àwọn tó lé e, a kò tíì rí àdúrà tí ẹnu wa gbà fún wọn.