Èmi Náà Lọ Síbi Dàdàkúàdà

Bàbá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kanlẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó wọ ilé ara yín,

Mo jáde lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, mi ò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ka ìwé girama yẹ kó mọ̀ pé lẹ́tà yìí ò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ̀. Mo ṣì ń kọ ọ́.

Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò Ṣàngó ló pe olórin dàdàkúàdà wá sí pápá ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ráfátù àbúrò mi ló wá sọ fún mi.

"Àǹtí mi, ẹ múra, à ń lọ."

Mo ní èrò á pọ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé igi ni yín? Ẹ̀yin náà, èrò ni."

Ọ̀rọ̀ yín ló wà lẹ́nu mi, Bàbá. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi dàdàkúàdà, ẹ ó dé fìlà pupa yín, ẹ ó ní èrò á pọ̀, ẹ ó fi mí sílẹ̀ lójú fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ó jókòó tì mí, ẹ ó máa fi ìka lu abọ́ tánganran, ẹ ó kọ gbogbo ohun tí olórin kọ fún mi. Ohùn yín ò dáa rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kásẹ́ẹ̀tì tí mò ń gbọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ. Ṣùgbọ́n nínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ fún mi, mo máa ń gbọ́ bí olórin ṣe kì yín: Bàbá Ráfátù, Bàbá Ráfátù. Èmi sì ni ìyá wa kọ́kọ́ bí. Ta ló sọ fún olórin pé Ráfátù ni àkọ́bí yín? Mi ò bi yín nígbà yẹn. Mo rò pé mi ò tó ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe bàbá. Lọ́jọ́ mìíràn, mo ṣì ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ pápá náà rọ̀, táyà kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń rìn rì. Àwọn mẹkáníìkì méjì gbé èmi àti kẹ̀kẹ́, wọ́n fẹ́ gbé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kí èrò má baà tẹ̀ mí.

Mo ní, "Iwájú ni kẹ́ ẹ gbé mi lọ. Ṣé ìpàkọ́ àwọn èèyàn ni mo wá wò ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé mi síwájú. Nígbà tí ìlù bẹ̀rẹ̀, ó gba inú irin kẹ̀kẹ́ wọ egungun mi. Ẹsẹ̀ tí kò gbé mi rí, ó ń gbọ̀n. Abọ́ tánganran ò sọ ìyẹn fún mi rí, Bàbá.

Ibi tí mo ti ń mi èjìká ni ọkùnrin kan tó wọ agbádá funfun ti dúró níwájú mi. Ó fi náírà lé mi nítan.

"Sàráà ni o, ìyá. Ẹ ṣàdúà fún mi."

Ó kọjá lọ jókòó. Ráfátù ti fò dìde.

"Alájì! Ta ló ṣagbe fún yín? Ṣé ẹ rí igbá lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Mo fà á láṣọ. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń sá fún nìyẹn, kí wọ́n má baà ṣe sàráà fún mi lójú yín. Ṣé nítorí mi ni, àbí ojú ló ń tì yín? Mo fẹ́ kí Ráfátù tì mí lọ sílé. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ ẹ gan-an.

Àmọ́ orin náà dùn. Mo fi eyín di owó náà mú, mo fọwọ́ méjèèjì yí táyà, ó di àárín agbo. Mo nawọ́ sí olórin, ọwọ́ mi ò ga ju àyà rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi, mo sì lẹ owó náà mọ́ ọn níwájú orí bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Òógùn rẹ̀ dì í mú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá Alájì bínú. Kò kàn mí.

Olórin ní, "Ọmọ ta ni yín, ìyá arẹwà?"

Mo pe orúkọ yín.

"Haa! Bàbá onífìlà pupa! Bàbá Ráfátù!"

"Rárá o. Àbúrò mi ni Ráfátù. Èmi ni àkọ́bí."

Ráfátù pariwo láti ẹ̀yìn, "Òótọ́ ló sọ! Èmi ni mo tẹ̀ lé e!"

Mo sọ orúkọ mi fún olórin. Kò jẹ́ kí ìlù já. Ó fi orúkọ mi pè yín, àwọn elégbè gbè é, gbogbo pápá gbè é. Ṣé ẹ gbọ́, Bàbá? Tẹ́ ẹ bá gbọ́, ṣé ẹ dáhùn?

Olórin náà àti àwọn elégbè rẹ̀ ń lọ ṣeré ní àdúgbò Adéwọlé lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ní kí wẹ́dà fi táyà tó fẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ mi nítorí iyẹ̀pẹ̀. Èrò á pọ̀. Èmi náà á wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi yín sí àlùjánnà.

Àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín, tí abọ́ tánganran yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.