Mi Ò Fọwọ́ sí Lẹ́tà Náà

Bàbá Losalini,

Yí ìwé yìí padà, wàá rí i pé ẹ̀yìn lẹ́tà tí o bá mi tẹ̀ láti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí. Mi ò fọwọ́ sí i.

Mátírọ́ọ̀nù pè láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù wa ti kó kòrónà, wọ́n sì fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ àwa tó kù. Ẹni tó bá wọlé lónìí, ó di ọjọ́ mẹ́rìnlá kó tó jáde. Wọ́n ní, "Unaisi, mi ò fipá mú ẹ o." Mo ní mò ń bọ̀. Ta ni kó máa tọ́jú àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì?

Mo dúró lójú fèrèsé yàrá tí o ti ń ṣiṣẹ́ kí n lè sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n ìwọ àtàwọn ará ọ́fíìsì ẹ wà lẹ́nu ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà. O na ìka sí mi pé kí n ní sùúrù. Ọkọ̀ tó ń kó àwa nọ́ọ̀sì ìlú Nausori lọ sí ọsibítù ò ní sùúrù. Má bínú.

Gbágùúdá àti ewé kókò tí mo fi àgbọn sè wà lórí sítóòfù. Má jẹ́ kí Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó ti wù kí wọ́n bú ẹ tó. Wọ́n ti bú èmi tán.

Losalini bi mí pé ṣé o lé mi nílé ni. Mo ní rárá. Kí ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo máa pè ní agogo méje. Jẹ́ kí Losalini kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tó bá kàn ẹ́, tí inú ṣì ń bí ẹ, má sọ nǹkan kan. Ṣáà máa mí sínú fóònù kí n máa gbọ́.

Unaisi