Ìkòkò Pupa tí Mo Bu Omi Sí

Bàbá Wúrà, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú méje. Kóòtù aláwọ̀ eérú ni mo wọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ kejì ti já. Mi ò sunkún lọ́jọ́ náà. Mi ò sunkún ní itẹ́ òkú. Mi ò tíì sunkún títí di òní.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà. Wúrà ti parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ti ń ṣiṣẹ́. Kúnmi àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Marks Gate, ní London níhìn-ín náà, wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan, Tèmilọlá. Imú yín ló gbé wá sáyé. Òrùlé ilé ìdáná wa ní Upney kò jò mọ́. Èmi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, mo ṣì ń dé, mo ṣì ń se oúnjẹ ẹni méjì.

Àwọn ìkòkò yín wà ní pálọ̀, lórí pẹpẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn. Bí ẹ ti ń ṣe ni mo ń ṣe: mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku wọn ní Sátidé, mi ò jẹ́ kí oòrùn kàn wọ́n, mo pa hítà tó wà nísàlẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n báyìí. Márùn-ún lẹ fi sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìkòkò pupa ará Japan yẹn ni, èyí tí ẹ gbé lé itan láti Romford nínú bọ́ọ̀sì 5 bí ọmọ tuntun. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Wọn ò fi nǹkan dídán kankan kùn ún, amọ̀ lásán ni, iná ló sọ ọ́ di pupa. Ẹ máa ń fi ìka yín lé ojú ìka ẹni tó mọ ọ́n. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìka ìyá yín àgbà ṣe máa ń hàn lára ìkòkò tó bá mọ ní Ìpetumodù. Bùrọ́dà Ọláṣẹ́gun ará ìjọ wa a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: "Àwọn tó ń ṣe Toyota náà ló mọ ìṣáasùn yìí?" Ẹ ó ní, "Ìṣáasùn ló ṣáájú Toyota, ọ̀gbẹ́ni."

Nígbà tí ọdún kan pé, ìjọ wá gbàdúrà nílé wa, wọ́n ní kí n gbé omi wá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní bálùwẹ̀. Mo wò ó, mo ní rárá, nínú ìkòkò Bàbá Wúrà ni omi àdúrà Bàbá Wúrà yóò wà. Ogún ọdún ni àmù ìyá mi fi gba omi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo rò pé amọ̀ ni amọ̀. Mo bu omi sí i, mo gbé e sáàárín àbẹ́là. A kò tíì ka Sáàmù kejì tán tí omi ti ń ṣàn lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn aláṣọ funfun. Mo sáré gbé e. Ìdí rẹ̀ já sílẹ̀, ìyókù fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹnì kan ní àmì ni. Kì í ṣe àmì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ẹ sọ fún mi pé ẹnì kan ti fi gúlúù lẹ ìdí rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín, pé gúlúù náà kò fẹ́ omi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ẹsẹ̀ mi wú. Mo ní "ẹ̀n-ẹ́n", mi ò fọkàn sí i.

Mo kó àpáàdì rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì. Àwọn ọmọ kò sí níbi àdúrà náà; mo sọ fún wọn pé mo gbé ìkòkò pamọ́. Jonah, tí ẹ jọ máa ń lọ láti ilé dé ilé wo ìkòkò àwọn ará ẹgbẹ́ yín tó ń kó ìkòkò àtijọ́ jọ, ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹgbẹ́ náà wá wo tiyín. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ní ilé kò tíì tò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún wá. Ó ní, "Àǹtí, bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ. A ò ní dà yín láàmú mọ́." Mo gbé agolo náà síwájú rẹ̀, mo ṣí i. Wúrà, tó jókòó tì mí, yọjú wo inú rẹ̀. Ó ní, "Mummy, látọjọ́ yìí, mo rò pé bisikíìtì lẹ ń fi pamọ́ fún mi."

Jonah ní òun lè lẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Mo ní kó má lẹ̀ ẹ́, kí ẹgbẹ́ wá wò ó bẹ́ẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Mo ti to àpáàdì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà sí àyè rẹ̀ lórí pẹpẹ. Mo kọ ọ́ sórí páálí kékeré, kí gbogbo wọn lè kà á, pé Gbádébọ̀ ló tọ́jú ìkòkò yìí fún ọdún méjìlá, pé ìyàwó rẹ̀ ló bu omi sí i.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a fi jọ gbé, mi ò fi ẹnu mi pe orúkọ yín rí. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo kà á sókè nínú pálọ̀, èmi nìkan. Mo tún un kà. Gbádébọ̀. Àárò yín ń sọ mí. Mo fẹ́ràn yín.

Ọmọ́ṣọlá, ìyàwó yín.