Nígbà Tí Ọkọ̀ Bá Ń Sùn

Ọjọ́rú, 1 oṣù kẹjọ, 1984

Ọjà Glazoué. Èrò mẹ́ta péré ló wọ Peugeot akẹ́rù mi láti Dassa. Ti Cosme, awakọ̀ tá a jọ ń ná ọ̀nà yìí, kún débi pé ẹsẹ̀ ń yọ síta lẹ́yìn. Ó tún ti dín owó ọkọ̀ kù. Látìgbà tí Nàìjíríà ti ti ẹnubodè ni ẹsáǹsì, epo ọkọ̀, ti di góòlù, kí ló wá ń rọ sínú tirẹ̀, omi? Ó kó gbogbo eyín síta sí mi níbùdókọ̀. Eléyín ni n ó máa pè é níbí.

Ọjọ́bọ̀, 2

Aláàjì Àyìndé tó ni ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ràmọ́nù, bí èrò tó ń wá bọlá fún Màríà ní Arigbo bá fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ lọ́dún yìí, màá gba kọ́kọ́rọ́ mi." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa Ìyálé — orúkọ tí mo sọ ọkọ̀ náà nìyẹn, Àbẹ̀ní ìyàwó mi sì mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lòun dé.

Ẹtì, 3

N ò rí oorun sùn.

Ajé, 6

Mo tẹ̀ lé Eléyín, mo ti mọ ọgbọ́n rẹ̀. Bó ṣe dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Glazoué, ó pa ẹ̀rọ, ọkọ̀ ń yí lọ fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, láìmu ẹsáǹsì kankan. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní kí ọkọ̀ sùn. Ọ̀bàyéjẹ́ ẹ̀dá.

Ìṣẹ́gun, 7

Èmi náà jẹ́ kó sùn. Ìjánu máa ń le bí òkúta bí ẹ̀rọ bá ti kú, gbogbo ara ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsáǹsì ṣẹ́ kù. Owó ọkọ̀ mi ti kéré sí tirẹ̀.

Ọjọ́rú, 8

Ọkọ̀ kún. Nígbà tó ń sùn, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń kùn lábẹ́ ìbòrí lẹ́yìn — ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí n gbọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń gbádùn ara wọn. Àbẹ̀ní gbé iṣu rẹ̀ wá, ẹ̀yìn ló jókòó sí, iwájú wà fún ẹni tó bá fowó lé e. Nílé, ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ń já òun láyà. Mo ní ojo ni. Ó lọ fọ abọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9

Eléyín tún dín owó ọkọ̀ kù. Èmi náà dín in.

Àbámẹ́ta, 11

Kamaráàdì Lambert, délégé ìjọba ládùúgbò wa, pe àwa méjèèjì ní kapitalísì níwájú gbogbo ibùdókọ̀. Ó ní Ehuzu, ìyípadà tí ìjọba ń polongo, ò fẹ́ irú ìdíje báyìí. Lẹ́yìn náà ó béèrè ọ̀dọ̀ ta ló pọ́ọ́kú jù. Ọkọ̀ Eléyín ló wọ̀.

Ajé, 13

Àpótí ìyá kan gbá gíláàsì ẹ̀yìn orí mi, tó wà láàárín èmi àti èrò, fọ́. Kò sáyè àtitún un ṣe, àwọn èrò Arigbo ti ń wọ̀lú. Bí mo bá dijú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mò ń rí.

Ọjọ́rú, 15

À ń lọ sọ́jà, mo pa ẹ̀rọ bí ìṣe mi. Gíláàsì ò sí láàárín wa mọ́, mo wá ń gbọ́ wọn ketekete. Àdúrà ni wọ́n ń gbà. Odile, ìyá àgbẹ̀ ará Tré, ń sáré ka Mo kí ọ Màríà, ó dé "nígbà ikú wa", ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn tí mo mọ̀ ju gbogbo ohùn lọ ń ka Lá iláhà illa-Lláhù, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń kà á sétí ẹni tó ń kú lọ. Bí mo ṣe kà á sétí bàbá mi nìyẹn. Àbẹ̀ní ń kà á fún ara rẹ̀, nínú ọkọ̀ mi.

Nílé, mo bi í pé látìgbà wo. Ó ní, "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní ojo ni mí, mo wá ń sọ ọ́ fún Ọlọ́hun." Ojú tì mí. N ò lè jẹun.

Ẹtì, 17

Bí n ò bá jẹ́ kó sùn, n ò lè gba iye tí Eléyín ń gbà. N ò ní rí èrò. Aláàjì á gba kọ́kọ́rọ́. Mò ń rìn yí Ìyálé ká títí Àbẹ̀ní fi pè mí wọlé.

Àìkú, 19

Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ Aláàjì látìgbà tí mo padà dé. Kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Misa Arigbo parí, èrò tó ń padà sílé bo ibùdókọ̀. Mo dá owó ọkọ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀, mo ní ẹ̀rọ mi ò ní kú lọ́nà. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n rọ́ lọ bá Eléyín. Èèyàn méjì ló wọ tèmi, Àbẹ̀ní ṣìkẹta. Iwájú ni mo gbé e sí. Aláàjì dúró lábẹ́ igi, ó ń wò wá.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Eléyín kọjá lára mi, ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn. Odile wà lẹ́yìn pátápátá, ó kọjú sí wa, ètè rẹ̀ ń mì. Ó nawọ́ sí mi. N ò mọ̀ bóyá ó ń kí mi ni, tàbí ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Mo tẹsẹ̀ mọ́ Ìyálé, mo tẹ̀ lé wọn títí dé ìsàlẹ̀, ẹsáǹsì ń lọ. Nísàlẹ̀, Eléyín bọ́ sílẹ̀, ó béèrè ohun tí mò ń lé kiri. Mo ní kó yọ gíláàsì ẹ̀yìn orí rẹ̀ kúrò lọ́la, kó tó pa ẹ̀rọ.