Ẹ̀wọ̀n Tó Là Lára Ṣíbí Ìgbéyàwó Rẹ

Oko Nordgarden,
Setesdal.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún.

Aslaug ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí Eivind ọkọ rẹ ọ̀la. Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ilé alájà mẹ́fà tí ẹ ń gbé yẹn kì í mì bí atẹ́gùn bá ń fẹ́? Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá ń fún wàrà, ọwọ́ mi a sì dúró lára màlúù. Ọlọ́run tó bá wa la òjò dídì ọdún yìí já kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ̀ nígboro Oslo, ẹ kò sì ní fojú rí ohun tí yóò ba ayọ̀ yín jẹ́ kí ọjọ́ ìgbéyàwó yín tó pé. Àwa náà wà níbí. Yìnyín ti yọ́ lórí adágún, àgùntàn ẹlẹ́sẹ̀ dúdú bí ìbejì, ó fún ọ̀kan lọ́yàn ó lé ìkejì, èmi ni mò ń fi ìgò bọ́ èyí tí ìyá rẹ̀ kọ̀.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, pé n kò lo fóònù tí o rà fún wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ wúwo, fóònù yẹn kì í sì í jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Bí mo bá ti tẹ ọ̀rọ̀ kan báyìí, òun a ti gbé mẹ́ta mìíràn kalẹ̀ pé kí n mú ọ̀kan níbẹ̀. Mo rò pé ìwọ lò ń rán mi létí ohun tó yẹ kí n sọ, mo sì ń mú un kí n má baà dójú tì ọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹta nìyẹn tí mo kọ̀wé pé mò ń bọ̀ lọ́la, tí ẹ̀yin méjèèjì lọ dúró dè mí ní ibùdókọ̀ lásán. Ẹ foríjì mí.

Fọ́ọ̀mù ìpè ìgbéyàwó tí ẹ fi ránṣẹ́, mo ti kọ ọ̀rọ̀ kún tèmi. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ènìyàn kò lè jẹ, mo kọ ọ́ pé èmi máa ń jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú mi, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nísàlẹ̀, wọ́n ní kí n fi àmì sí i pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ, mo fi sí i láìjanpata, nítorí mo mọ̀ pé òfin ìlú ńlá pọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kọ̀, kò fi sí tirẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló ń ṣiyèméjì nípa òun. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ti ń dùn ún láti ibòmíràn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. O mọ̀ pé ó ti tó ogójì ọdún tí bàbá rẹ ti ń gbẹ́ ṣíbí ìgbéyàwó fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, kò sì gba owó krone kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ṣíbí méjì, ẹ̀wọ̀n onígi láàárín wọn, gbogbo rẹ̀ láti ara igi kan ṣoṣo, láìsí ìṣó, láìsí gọ́ọ̀mù, òdòdó àti ewé lára ọwọ́ rẹ̀. O rí ti ẹ̀gbọ́n rẹ Olav lọ́jọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi jọ bu ẹ̀kọ wàrà kíkan jẹ kí àlejò tó fẹnu kan oúnjẹ. Tìrẹ ni bàbá rẹ ti ń rò tipẹ́. Igi eléèpo funfun tó wà lẹ́yìn ilé, o kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tó ti ń wò ó pé tìrẹ nìyẹn. Àìsàn tó mú un lápá ọ̀tún ní oṣù kìn-ín-ní kò jẹ́ kó gbàgbé. Dókítà ní kó máa fún bọ́ọ̀lù kékeré kan lọ́wọ́ kí ọwọ́ lè padà, ó ní ọ̀bẹ ni bọ́ọ̀lù òun. Nínú oṣù kẹta, òun àti Tarjei aládùúgbò wa gé igi náà lulẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀, ojú ẹ̀wọ̀n mẹ́tàlá gẹ́gẹ́ bíi ti Olav.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè tó kọjá, ojú keje là sí i lọ́wọ́.

Kò pariwo. Ó gbé e sórí tábìlì, ó gbá èérún igi ilẹ̀, ó fi epo ra àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi aṣọ wé wọn sínú àpótí. Ó ní, Gunnvor, ọwọ́ yìí ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó. Kọfí rẹ̀ a tutù nínú ife, n óò dà á nù.

Tarjei wá kí i. Ó ní kí ló wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ní gọ́ọ̀mù wà nílé òun tí wọ́n fi ń lẹ ọkọ̀ ojú omi, kí ni ṣíbí jámọ́, ojú ta ni yóò rí i? Bàbá rẹ ní ojú tòun. Tarjei ní, Sveinung, o le jù, ṣé bí kì í bá ṣe gọ́ọ̀mù, ìwọ àti Gunnvor lè lẹ̀ mọ́ra tó báyìí? Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ènìyàn kì í gbé irọ́ fún ọkọ àti ìyàwó pé kí wọ́n fi jẹun àkọ́kọ́ wọn.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ tí o rán wọlé sórí fóònù, pé ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Oslo tí ẹ̀rọ ti ń gbẹ́ ṣíbí ìgbéyàwó ní wákàtí kan, pé kí Bàbá má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi òpè, mo kà á sí i létí, mo rò pé yóò tù ú nínú. Ó béèrè pé ṣé ẹ̀rọ náà mọ̀ yín ni. Aslaug, mo bẹ̀ ọ́, má tíì rà á.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ méjì kí igi tó là, bàbá rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Ó ti ń ṣàròyé pé igi ṣì tutù, pé ọjọ́ ń lọ. Inú àpò pẹ̀lú èérún igi ló máa ń tọ́jú rẹ̀ sí, nínú ilé igi tó tutù, kó lè máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Mo wo bó ṣe ń húkọ́, tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú òtútù, mo ní kí n bá a yára. Mo yọ ọ́ nínú àpò, mo fi kọ́ òkè ààrò irin, níbi tí a máa ń sá ìbọ̀sẹ̀ sí, láti àárọ̀ títí di àsìkò tí bọ́ọ̀sì fẹ́ dé, mo sì dá a padà bó ṣe wà. Èmi, ìyàwó agbẹ́gi! Ọmọdé abúlé yìí mọ̀ pé igi tútù kì í fojú kan iná. Ìfẹ́ ni mo pè é, ìkánjú ni. Bàbá rẹ rò pé ọwọ́ òun ló ṣe é, mo sì ti fi ẹnu mi pamọ́ láti ọjọ́ náà, mò ń gbé kọfí fún un.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nínú lẹ́tà yìí ni pé ṣé kí n sọ fún un. Ṣùgbọ́n bí mo ti kọ ọ́ tán tí mo tún un kà, mo rí i pé kì í ṣe ìbéèrè tí ènìyàn ń bi ọmọ. Mo gbé kálàmù sílẹ̀ ná.

Mo ti dé. Mo ti sọ fún un.

Kò gbà mí gbọ́, Aslaug. Ó ní kí n má purọ́ nítorí òun, pé àánú ló ń ṣe mí. Mo búra, ó ní ẹni tí àánú ń ṣe a máa búra dáadáa. Mo wá ní kí ó wo ojú ibi tó ti là fúnra rẹ̀. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó wọ awò rẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ọ̀bẹ bá ṣìnà, a máa gé iṣan igi kọjá ni. Èyí bá iṣan lọ, ó gba inú ojú keje bọ́ sí ìkẹjọ, títí dé orí ṣíbí tí ọ̀bẹ rẹ̀ kò tíì kàn rárá. Ó ní, òkè ààrò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, níbi ìbọ̀sẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Aslaug. Ó ní gbogbo ọdún tí mo ti lò nílé agbẹ́gi, adìẹ tó ń sùn lẹ́yìn ilé igi mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n má sunkún sórí igi, pé mo ti gbẹ ẹ́ jù, kí n má tún rẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń la ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó ń pa á dé, tó ń wò ó bí ẹni tó ti fẹ̀sùn èké kan ọmọ rẹ̀.

Ó ti wà nínú ilé igi báyìí. Ìdajì igi eléèpo funfun náà ṣì kù, ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣíbí mìíràn lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, n kò ní tàn ọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù sí ìgbéyàwó yín kò sì tó fún ojú mẹ́tàlá, ó ní márùn-ún ni òun lè ṣèlérí. Ó ti sọ ọ́ fún mi pé bí òun bá jáde, òun yóò ti ilé igi náà, òun yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò, kò sì rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Báńkì abúlé ti kógbá sílé, wọ́n ní inú fóònù ló kó lọ, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà kò sì gba owó bébà mọ́. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ àwa méjèèjì sínú fóònù fún wa. Má fi púpọ̀ sí i. Fóònù náà ti bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà ilé màlúù, n kò sì mọ iye tó dà nù.

Mo sọ fún bàbá rẹ pé ojú márùn-ún ti kúrú jù fún ìgbéyàwó, pé kí ni àwọn àlejò yóò wí. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé bí ẹ̀wọ̀n bá kúrú, ẹ̀yin méjèèjì yóò ní láti súnmọ́ ara yín dáadáa kí oúnjẹ tó dé ẹnu, bí ọ̀kan bá sì fà á, èkejì yóò mọ̀ ọ́n lára. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ọmọ mi, títí ẹ ó fi darúgbó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Gunnvor.