Pápá Píkùbọ́ọ̀lù Tí Mo Wá Kiri ní Mowe

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀dùn,
                                        Lotto, Mowe,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ìyá Tófúnmi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Báwo ni Olúwatófúnmi àti ìyàwó rẹ̀? Àwọn ọmọọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò kò fi yín lọ́rùn sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ẹ kú òtútù o. Ara tèmi náà le, mo dúpẹ́. Láti ìgbà tí etí rẹ kò ti gba ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́ ni mo ti ń ro ohun tí mo lè ṣe, ni mo bá ní kí n kúkú mú bírò. Ojú rẹ ṣì dá ṣáká ju tèmi lọ.

Inú ilé tí èmi àti Olúgbádé ọkọ mi jọ kọ́ sí Lotto yìí ni mo wà láti ìgbà tó ti kú. Òun fúnra rẹ̀ kò sùn níbẹ̀ rí. Ilé náà dára, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kò séèyàn ládùúgbò lọ́sàn-án. Kílẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń rọ́ lọ sí Èkó, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó dé. Bí mo bá jókòó sí fàráńdà, ewúrẹ́ ni mo ń rí. Lọ́jọ́ míì, “ẹ kú ọjà” tí mo bá kí Bùrẹ́ímọ̀ tó ń ta búrẹ́dì ní ìkòríta ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa jáde lẹ́nu mi títí n ó fi sùn.

Bí mo ṣe wá báàtì mi jáde nísàlẹ̀ àpótí nìyẹn. O rántí bí a ṣe máa ń gbá píkùbọ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè, táwọn èèyàn á dúró máa wo pátákó pẹlẹbẹ ọwọ́ wa àti bọ́ọ̀lù ike oníhò yẹn, tí wọ́n á máa bi wá pé ṣé tẹníìsì lèyí ni àbí kí ni. Mo ní bí Mowe ṣe tóbi tó yìí, kò lè ṣàì síbi tí wọ́n ti ń gbá a. Abèèrè kì í ṣìnà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.

Ọlọ́kadà tí mo kọ́kọ́ bi gbé mi dé ibi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń wo bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo dé Ìbafò, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ni pápá wọn. Ẹnì kan tún júwe ẹ́sítéètì kan fún mi lápá Ìṣẹrí. Mo wọkọ̀ lọ. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì kí mi dáadáa, ó ní, “Mà, ta lẹ fẹ́ rí nínú? Ẹ pè é, kó bá mi sọ̀rọ̀.”

Mo yọ fóònù, mo ń wo orúkọ lọ sísàlẹ̀. Àwọn kan wà ní Kánádà. Ìwọ wà ní Adó. Àwọn míì ti kú, n kò tíì lè pa nọ́ńbà wọn rẹ́. Mo ní, “Kò sí ẹni tí mo mọ̀ níbẹ̀.” Ó ní kí n má bínú, ó sì bá mi dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Ọ̀nà yẹn kò jìn, àmọ́ ó gùn lójú mi lọ́jọ́ náà.

Bùrẹ́ímọ̀ ló wá sọ fún mi pé, “Ìyá, àwọn ọmọ kan ń gbá nǹkan tó ń dún pọ́-pọ́ lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún ní Sátidé. Ẹ ò ṣe lọ wò ó?” Mo lọ. Lóòótọ́, píkùbọ́ọ̀lù ni. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn débi pé mo ń yára rìn. Mùtíù tó jẹ́ olórí wọn dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n gbé àga sábẹ́ ibòji, wọ́n ra ohun mímu tútù fún mi. Mo ní mo wá gbá bọ́ọ̀lù ni.

Mùtíù ní, “Mummy, ẹ jókòó kẹ́ ẹ máa wò wá. A ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe yín.”

Nígbà tí mo tẹnu mọ́ ọn, wọ́n fún mi láàyè, àmọ́ ṣe ni wọ́n ń rọra ju bọ́ọ̀lù sí mi bí ẹni ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sẹ́nu ọmọ. Bí mo bá tàsé, wọ́n á pàtẹ́wọ́ pé Mummy gbìyànjú. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀wọ̀ pọ̀ níbẹ̀ jù. Láàárín èrò yẹn, ó ṣe mí bí ìgbà tí mo jókòó sí fàráńdà. Síbẹ̀, mo ń lọ ní gbogbo Sátidé.

Lánàá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Salmah dé. Nọ́ọ̀sì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Mowe, kò tíì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un nípa mi. Àwọn yòókù kò tíì pé, ló bá nawọ́ sí mi pé, “Mà, ṣé ẹ máa gbá?” Bọ́ọ̀lù kejì tó gbá wá bà mí ní àyà gbàà. Mùtíù ti ń sáré bọ̀, Salmah náà ti fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ mí.

Mo ní, “Kí lẹ̀ ń bẹ̀ mí fún? Gbá òmíràn wá.”

Ó wo ojú mi. Ó gbá òmíràn, kò sì fi ṣeré. Mo sáré, mo làágùn, mo bú ara mi lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní, “Ọwọ́ òsì yín ń pẹ́ dìde, mà.” Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi wí.

Mo rìn wálé, gbogbo ara ń ro mí. Olúgbádé ìbá ti bi mí ta ló borí kí n tó bọ́ bàtà. Mo pe Tolúwalọpẹ́ ọmọ mi, kò gbé e. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun wà nípàdé. Mo dúró ní kíṣíìnì, ìròyìn kún mi nínú, kò sẹ́ni tí mo máa sọ ọ́ fún.

Bá mi kí Tófúnmi, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ yẹn mọ́ra. Sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé mo dúpẹ́ fún gààrí tó fi ránṣẹ́. Jọ̀ọ́, fèsì, kódà kó jẹ́ ìlà kan péré. Bú mi bí o ṣe máa ń ṣe: mọ́kànlá sí méjì ni Salmah fi nà mí.

Èmi ni, tìrẹ látọkàn wá,
Àjíbíkẹ́