Ṣíbí Mélòó Ni Ìyá Abẹ́rẹ́ Gùn Tó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbélé. Bí o ti jí láyọ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni wàá máa jí, wọn ò ní wá ọ tì níbi ire. Àlàáfíà la wà, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń ṣe bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ, Abẹ́rẹ́, ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Tíṣà wọn ní kí wọ́n fi ṣíbí wọn gbogbo ará ilé. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ogójì ọdún, mo na téèpù mi sí i, ó ní rárá, àwọn ò tíì dé ibẹ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ó fi ìdí ṣíbí kan gìgísẹ̀ mi, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó parí, ó tún sún un síwájú, títí dé orí. Mo jẹ́ ṣíbí mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ jẹ́ mẹ́jọ, ó sì ń jiyàn pé ọmọ náà fo ọ̀kan níbi ìbàdí òun.

Ó wá ku ìwọ. Mo ní ṣebí fọ́tò rẹ wà nínú fóònù tí o rà fún mi. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a wọ̀n ọ́. O ò tó ìdajì ṣíbí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, torí mo mọ bí o ṣe ga tó nígbà tí o kúrò níbí. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bóyá bí ọ̀nà ṣe jìn ni, bí ẹni tó ń lọ lójú títì ṣe máa ń kéré lójú ẹni. Ó ní ó ṣeé ṣe.

Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìyá rẹ̀ lè sùn sínú báàgì ìwé. Ó padà wálé, kò jẹun. Mo lọ bá tíṣà. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá, èèyàn gan-an là ń wọ̀n, a kì í wọn fọ́tò, àti pé òun fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé iye kò nítumọ̀ bí a ò bá mọ ohun tí a fi wọ̀n ọ́n. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn délé.

Mo ṣí ìwé oníbàárà mi, ìwọ̀n rẹ wà níbẹ̀, Abẹ́rẹ́ ní òun ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo wọ̀n ọ́. Ó wá bi mí pé ṣíbí mélòó ni láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ṣé ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, torí ibẹ̀ ni òun lè kà dé.

Mo ti fẹ́ ní kí o fi owó òwú àti bọ́tìnnì ránṣẹ́. Fi owó yẹn wọkọ̀ wá. Tíṣà fún un di ọjọ́ Ẹtì. Kí o ṣáà dùbúlẹ̀ lórí ẹní ni, kí o má sì tètè dìde, torí ó máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìrìn rẹ á dùn.

Èmi bàbá rẹ.